Ọmọ mi fẹ́ lọ sí Olympiad: ṣé kò ní ba WAEC rẹ̀ jẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági. Àbíkẹ́yìn mi pé ọmọ ọdún 14, ó wà ní SS1 nílé-ìwé ìjọba kan níbí n'Ìbàdàn. Ọmọbìnrin ni o. Tíṣà ìṣirò rẹ̀ ní kí n jẹ́ kó máa múra fún Olympiad, ìyẹn ìdíje àwọn ọmọ ilé-ìwé, ti ìṣirò àti ti kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní ìfàkókòṣòfò ni, kó gbájú mọ́ WAEC àti JAMB. Ọkùnrin kan tún wá bá mi ní ìsọ̀ pé òun máa kọ́ ọ, òun á sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìdíje àgbáyé, àmọ́ owó tó pè ga. A ò ní kọ̀ǹpútà nílé, fóònù mi nìkan ló wà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ọjà. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ owó kúrò nílẹ̀ ná, torí òun ni kò lè dúró. Ẹ má fún ọkùnrin yẹn ní kọ́bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń ta àyè nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣojú Nàìjíríà. Ẹni mẹ́fà péré ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè mú lọ sí Olympiad ìṣirò àgbáyé, tí wọ́n ń pè ní IMO. Ti kọ̀ǹpútà, ìyẹn IOI, ẹni mẹ́rin ni. Ìdánwò la fi ń ṣà wọ́n, láti ìpele dé ìpele. Ní ti ìṣirò lórílẹ̀-èdè yìí, National Mathematical Centre ló ń ṣètò rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, tó wà ní Kwali lọ́nà Àbújá. Ọ̀dọ̀ ilé-ìwé ni orúkọ ọmọ ti ń lọ síbẹ̀. Tíṣà tó ti rí ọmọ yín yẹn gan-an ni kí ẹ rọ̀ mọ́. Ẹ bi í bóyá ilé-ìwé ti forúkọ sílẹ̀. Bí wọn ò bá tíì ṣe é, ẹ pa ìsọ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ ọ́ lójúkojú.

Mi ò sọ pé owó ẹ̀kọ́ burú o. Èmi náà ti gbà á rí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ yín, kó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ò láìfí. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀kọ́ lọ̀tọ̀, owó "mo máa fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́" lọ̀tọ̀. Àwọn ìdíje kan sì wà tí wọ́n kàn fi orúkọ ńlá ṣe ẹ̀ṣọ́. Ọmọ tó bá ti sanwó, ìwé-ẹ̀rí aláràbarà ti dé nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta aṣọ ní Gbági, ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín ojúlówó àti èyí tí wọ́n kàn tẹ orúkọ mọ́ etí rẹ̀.

Ó wá ku ohun tó jù: kí ni ọmọ ń lọ ṣe níbẹ̀ gan-an?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò pé WAEC tó le ni. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí, àwọn ọmọ tí mo kọ́ ló sì jìyà rẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo kó ọmọ márùn-ún jọ ní Sátidé, ìbéèrè àtijọ́ ni mo ń rọ̀jò rẹ̀ lé wọn lórí: ogún lójúmọ́, aago lórí tábìlì. Ọwọ́ wọn yá bí ẹ̀rọ, inú mi ń dùn. Wọ́n dé ibi ìdánwò, wọ́n pàdé ìbéèrè tí wọn ò rí irú rẹ̀ rí, ọwọ́ tó yá yẹn ò rí nǹkan kan kọ. Wákàtí kan ò tíì pé tí méjì nínú wọn ti gbé bírò sílẹ̀. Wọ́n mọ̀wé. Èmi ni mi ò kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń jókòó ti ohun tí kò yé e.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà nínú ìṣirò. Ìdánwò JAMB, ìbéèrè 180 fún wákàtí méjì: ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ìbéèrè kan ní. Ní IMO, ìbéèrè mẹ́ta lọ́jọ́ kan fún wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, mẹ́ta mìíràn lọ́jọ́ kejì: ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 90. Máàkì 7 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ 42. Kò sí A, B, C, D tí èèyàn á fi ojú inú mú. Ìdáhùn tó tọ̀nà tí kò ní àlàyé tó gbè é lẹ́sẹ̀, máàkì díẹ̀ ló máa rí, nígbà mìíràn kò ní rí ìkankan. Wọn kì í sì béèrè calculus, ẹ̀ka ìṣirò tó dá lórí bí nǹkan ṣe ń yí padà. Ohun tí wọ́n ń lò kò jìnnà sí ohun tí ọmọ SS1 ti gbọ́ orúkọ rẹ̀: algebra, geometry, ìwà àwọn nọ́mbà, àti ọgbọ́n kíka iye ọ̀nà tí nǹkan lè gbà ṣẹlẹ̀.

Ẹ gbọ́ irú rẹ̀ kan. Ẹ lọ sóde àríyá, èèyàn 50 ló wà níbẹ̀. Àwọn kan ń bọ ara wọn lọ́wọ́, àwọn kan jókòó sáàyè wọn. (Ẹ má da ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ á gùn.) Ẹ fi hàn pé, bó ti wù kó rí, èèyàn méjì ó kéré tán wà níbẹ̀ tí iye ẹni tí wọ́n bọ̀ lọ́wọ́ dọ́gba. Ọmọ tí fọ́múlà ti mọ́ lára á béèrè pé, "Sà, fọ́múlà wo?" Kò sí. Ẹni tó bọ ọwọ́ jù lè bọ 49, ẹni tí kò bọ ẹnikẹ́ni ní 0. Láti 0 dé 49, iye 50 ló wà, èèyàn 50 ló wà, ó wá dà bíi pé kálukú lè mú tiẹ̀ lọ. Àmọ́ bí ẹnìkan bá bọ gbogbo àwọn 49 yòókù lọ́wọ́, ẹni tí kò bọ ẹnikẹ́ni ò lè sí níbẹ̀ mọ́. 0 àti 49 ò lè jọ wà lóde kan náà. Iye 49 ló kù fún èèyàn 50, ó di dandan kí méjì pàdé. Ó tán. Kò sí ìṣirò tó ju ti JSS1 lọ níbẹ̀, síbẹ̀ mo ti rí ọmọ tó fi wákàtí méjì wò ó, tó sì fò sókè nígbà tó já a, tí àga ṣubú.

Ti kọ̀ǹpútà jọ ọ́, àfi pé ẹ̀rọ ló ń dá ẹjọ́ níbẹ̀. Lórí Codeforces, ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ káàkiri ayé ti ń dánra wò, ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ pàdé. Ọ̀rẹ́ méjì ra watermelon kan, wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n ní kílò. Wọ́n fẹ́ gé e sí ọ̀nà méjì, kí kílò apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́mbà tó ṣeé pín sí méjì láìṣẹ́kù. Kò pọn dandan kí apá méjèèjì tóbi bákan náà. Wọ́n sọ iye kílò fún ọ. Ṣé ó ṣeé ṣe àbí kò ṣeé ṣe? Kíá lọmọ á dáhùn: bí kílò náà bá ti ṣeé pín sí méjì, ó ṣeé ṣe. Ó kọ ọ́ ní ètò, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé, ó fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ dá a padà. Kò tọ̀nà. Kò sọ ìdí fún un lọ títí. Ọmọ á bínú, á ní ẹ̀rọ ló ṣìṣe. Ó di ìgbà tó bá fara balẹ̀ kó tó rí i: kílò 2 ńkọ́? 1 àti 1 ni, kò sì sí èyí tó ṣeé pín nínú wọn. Nọ́mbà kan ṣoṣo ló bà á jẹ́. Ẹ̀kọ́ yẹn, ìyẹn kéèyàn máa wá ibi tí ọ̀rọ̀ òun ti lè yẹ̀ kí ẹlòmíràn tó rí i, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń fi kọ́ ọmọ kíákíá tó báyìí. Ẹ̀rọ ò mọ ọmọ ta ni, kò sì gba ẹ̀bẹ̀.

Bó bá ṣe ń gòkè ni ọ̀rọ̀ á di ti àkókò. Ká ní wọ́n kó iye owó ọjà 100,000 fún un láti Bódìjà, kó wá méjì tí iye wọn súnmọ́ra jù lọ. Bó bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé gbogbo ìyókù, ìfiwéra 4,999,950,000 nìyẹn, àyè tí wọ́n sì ń fún ètò láti parí kì í sábà ju ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì lọ. Kò ní bá a. Ṣùgbọ́n bó bá kọ́kọ́ tò wọ́n láti kékeré sí ńlá, àwọn tó fara kanra nìkan ló máa fi wéra: 99,999. Ẹ̀yin náà ń ṣe é lójoojúmọ́. Ẹni tó to aṣọ rẹ̀ ní àwọ̀ ní àwọ̀ kì í tú gbogbo ìsọ̀ nítorí oníbàárà kan.

Ohun kékeré ló sì ń gbé èèyàn ṣubú níbẹ̀. Mo ní ọmọ kan tó ronú ìbéèrè kan já dáadáa, tó sì sọ ju ìdajì máàkì rẹ̀ nù torí pé ó kó owó ńlá sínú àpótí kékeré. Ní C++, èdè tí wọ́n ń fi kọ ètò, oríṣi nọ́mbà tí wọ́n ń pè ní int ò gbà ju 2,147,483,647 lọ. Ó ń ro owó pọ̀, ó dé bílíọ̀nù mẹ́ta, ó yí padà di òdì. Ọlọ́rọ̀ di onígbèsè láàárín ìlà kan. Títí dòní, orúkọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹ̀ ni "Onígbèsè".

IOI fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1989 ní Bùlgéríà, ó sì ti wá sí Áfíríkà, sí Cairo, ní 2008. Ọjọ́ méjì ni, wákàtí márùn-ún lójúmọ́, ìbéèrè mẹ́ta lọ́jọ́ kan, 100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń gé ìbéèrè sí wẹ́wẹ́: ẹni tí kò lè já gbogbo rẹ̀ lè já apá tó rọrùn, kó sì gba máàkì tibẹ̀. Ọmọ tó bá gbọ́n á kọ́kọ́ kó àwọn máàkì yẹn jọ kó tó gbé ojú sókè. Àwọn ọmọ wa kì í fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ tàbí òfo ni wọ́n máa ń fẹ́, mi ò mọ ẹni tó kọ́ wọn.

Bí bàbá àgbà kan bá wà ládùúgbò yín tó ń ta ayò, ẹ jẹ́ kó máa jókòó tì í. Mi ò ṣàwàdà. Ihò 12, ọmọ ayò 48, kò sí kádàrá kankan níbẹ̀, ìwòye lásán ni. Ní 2002, àwọn olùwádìí méjì ní yunifásítì kan ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yẹ eré kan tó jẹ́ ìbátan ayò wa wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbogbo ipò tó lè wáyé lórí ọpọ́n, ó lé ní bílíọ̀nù 889. Wọ́n rí i pé bí àwọn méjèèjì tó ń ta á ò bá ṣìṣe, ọ̀mì ni. Bàbá tó ń ta á lábẹ́ igi ní Òjé lè ti fura.

Ó wá di ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò parọ́ tán. Olympiad ò ní kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò ní kọ́ ọ ní Bàọ́lọ́jì, yunifásítì ilẹ̀ wa sì ṣì ń fi èsì WAEC tàbí NECO àti JAMB gba ọmọ wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé mẹ́dà á dípò wọn. Àwọn yunifásítì ńlá ní òkè òkun, bíi MIT, máa ń fẹ́ mọ ohun tí ọmọ ti fi ọgbọ́n orí rẹ̀ ṣe lẹ́yìn kíláàsì, ìdíje sì wà lára rẹ̀. Ó ń ranni lọ́wọ́ níbẹ̀, àmọ́ òun nìkan kì í ṣílẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ sikọ́láṣípù nìkan lẹ fi ń wò ó, ẹ lè máà bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n ti ṣìṣe ni àkókò. Ó rò pé ọmọ lè parí WAEC kó tó padà wá ṣe é. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin IMO ni pé akópa ò gbọdọ̀ tíì pé ogún ọdún, kò sì gbọdọ̀ tíì di ọmọ yunifásítì. Àwọn ọmọ wa ń tètè parí sẹ́kọ́ńdírì. Ọjọ́ tó bá wọ UI ní ọmọ ọdún 17, ilẹ̀kùn yẹn ti tì nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́ta ṣì kù nínú ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn ìdíje mìíràn wà fún àwọn ọmọ yunifásítì, bí ICPC tí ẹni mẹ́ta ń pín kọ̀ǹpútà kan lò, ṣùgbọ́n èyí tá à ń sọ yìí, SS1 àti SS2 ni àsìkò rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Sátidé, wákàtí mẹ́ta. Ìrọ̀lẹ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, bí ìṣẹ́jú 40. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ ní SS1. Ní SS2, kó fi ìrọ̀lẹ́ kan kún un. Bó bá di táàmù kejì SS3, kó gbé e sílẹ̀ pátápátá, kó dojú kọ ìṣẹ́jú-àáyá 40 ti JAMB, torí ìwà méjèèjì ò jọra: ọmọ tó ti mọ́ lára kó máa ro ìbéèrè kan fún wákàtí kan lè jókòó síwájú JAMB kó máa wá ẹ̀rí. Mo ti rí i. Ó nílò oṣù mẹ́ta kó tó tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Bí èsì Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá wálẹ̀ ní táàmù kan, ẹ gé ìrọ̀lẹ́ kan kúrò. Ẹ má gé Sátidé.

Ní ti fóònù: ó tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ Android, áàpù kan wà tó ń jẹ́ Pydroid 3, tí a fi ń kọ Python, èdè ètò mìíràn. Cxxdroid ni ti C++. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa fi dátà gbé e wálẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó fi Python bẹ̀rẹ̀ torí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ kó tó parí SS1 kó ti máa yí sí C++, torí òun ni wọ́n ń lò ní IOI. Kíbọ́ọ̀dù kékeré tó ṣeé so mọ́ fóònù á sinmi ìka rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ti àlòkù. Pàtàkì jù, kó kọ ètò náà sórí ìwé kó tó fọwọ́ kan fóònù, kó máa fi bírò tẹ̀ lé e láti ìlà dé ìlà bíi pé òun gan-an ni ẹ̀rọ. Iná lè lọ, bírò ò ní lọ. Nígbà tó bá nílò kọ̀ǹpútà gidi, ẹ bi tíṣà nípa yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, àbí kó lo wákàtí méjì ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Àgbówó, níwájú géètì UI.

USACO, ìdíje àwọn ará Amẹ́ríkà, ṣí sílẹ̀ fún ọmọ ibikíbi lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba owó. Ìpele Bronze ni gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì béèrè ju ìrònú tó mọ́ níbẹ̀. Ti Codeforces sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 3:35 ọ̀sán tiwa. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ ilé-ìwé, kó fi í sílẹ̀, ó ṣeé tún ṣe lẹ́yìn náà bíi pé ó ń lọ lọ́wọ́.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìbéèrè yín pé "ọmọbìnrin ni o". Mo gbọ́ yín. Maryam Mirzakhani, ọmọ Ìránì, gba mẹ́dà góòlù ní IMO ní 1994. Ó tún lọ ní 1995, ó sì gba 42 nínú 42. Ní 2014 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba Fields Medal, tí kò sí ẹ̀bùn ìṣirò tó jù ú lọ fáwọn ọ̀dọ́ onímọ̀. Ọmọ yẹn kan náà sọ pé ọdún kan wà ní ilé-ìwé tí ìṣirò òun ò dáa, tí tíṣà òun ò rí ẹ̀bùn kankan lára òun. Ti yín ní tíṣà tó ti rí i. Lọ́jọ́ Sátidé tiwa, àwọn ọmọbìnrin kì í sábà pariwo ìdáhùn, ìwé wọn lẹ máa wò.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin lè ṣe tí kò ná yín lówó. Lálẹ́, bí ẹ bá ń ka owó ọjà, ẹ ní kó ṣàlàyé ìbéèrè tó ń dà á láàmú fún yín, ní Yorùbá. Kò pọn dandan kó yé yín tán. Bó bá dé ibi kan tó bá ń sọ "ṣáà", "ṣáà", "ó ṣáà máa rí bẹ́ẹ̀ ni", ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí rẹ̀ ti jò. Ẹ kàn bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Kó sì gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi ní Sátidé tó ń bọ̀. Kó kọ ètò tó máa gba nọ́mbà láti 1 dé 100, tó máa dá orúkọ rẹ̀ padà ní Yorùbá. Kó má kàn to orúkọ 100 kalẹ̀; òfin inú rẹ̀ ni mo fẹ́. Láti 11 dé 14 a ń fi kún ẹ̀wá. Láti 16 a ń yọ kúrò nínú ogún: ẹẹ́rìndínlógún. Ogójì jẹ́ ogún méjì, ọgọ́ta ogún mẹ́ta, àádọ́ta sì jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, 45 yọ ẹ̀ẹ̀mejì: a yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́ta, a tún yọ márùn-ún. Kó ṣọ́ 15 àti 25, torí ẹ̀ẹ́dógún àti ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ò jọ aárùndínlógójì. Bó bá dé 100 láìṣìṣe, kó tẹ̀ síwájú dé 200. Mi ò ní sọ fún un ohun tó ń dúró dè é ní 190.